Ìgbálẹ̀ Ọwọ́ Ìyálé

Obìnrin tí kò tíì ní orogún, a kò tíì mọ àrùn tí ń ṣe é. Ní ti Nimotallahi, ìyálé Gàfárù ní agboolé Bàbá Yésúfù ní Moniya, orogún wọlé tán, àrùn náà kò yọjú. Ó ń pe Fàtímọ̀ ní ìyàwó mi, ó ń bu ọbẹ̀ fún un. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ààtàn dé.

Ẹnu ara rẹ̀ ló sì kó bá a. Ní 1994, ààtàn ẹ̀yìn ọjà ti ga débi pé òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn jẹun níta mọ́. Ẹgbẹ́ kan láti Ìbàdàn wá gbé ètò dé: wọn yóò kọ́ àwọn ará àdúgbò bí a ṣe ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a ń fi èyí tó bá lè jẹrà ṣe ajílẹ̀. Ẹni tó bá yege, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Ẹnì kan péré ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ mú nínú agboolé kọ̀ọ̀kan. Adébùsọ́lá, ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá, bá Nimotallahi nídìí ìkòkò gàrí. Kò tilẹ̀ ṣàlàyé, ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ta ló máa ń gbálẹ̀ ilé yìí, tó ń da ìdọ̀tí nù?"

Irú ìwọ̀sí wo nìyí? Ọjọ́ tí ìyàwó tuntun bá ti wọlé ni ìgbálẹ̀ ti ń kúrò lọ́wọ́ ìyálé.

"Ṣé mo jọ ẹni tí ń ru ààtàn lójú yín ni?" ni Nimotallahi wí, ó yínmú. "Ìyàwó mi ni. Fàtímọ̀! Wá o, wọ́n ń wá ọ."

Bí Fàtímọ̀ ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ tó fi wọ bàtà rọ́bà dúdú àti aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé wálé. Gàfárù, tí kì í yin ènìyàn bọ̀rọ̀, dìde nílẹ̀ nígbà tó rí i. "Ọ̀gá mi!" ló pè é. Láti ọjọ́ tí Nimotallahi ti ń se oúnjẹ fún ọkùnrin yìí, kò pè é ní ọ̀gá rí. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Owú wá ń jẹ ẹ́ gidi. Bí Fàtímọ̀ bá wọ ilé ìwẹ̀, á yọ́ lọ ti ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà náà. Ó bá a lẹ́sẹ̀ mu. Á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, á ṣí àpò tí Fàtímọ̀ fi bo òkìtì ajílẹ̀ tó ń kọ́ ṣe, á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó ń gbóná. Kí sì ló wà níbẹ̀? Èèpo ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ ni, èyí tí òun ń dà nù láti ọjọ́ tó ti ń ṣe gàrí! Iṣẹ́ òun ni ẹlòmíràn fi ń gba ìyìn.

Nígbà tó gbọ́ pé ẹgbẹ́ náà tún ń bọ̀ wá mú àwọn mìíràn, ó mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni wọn yóò béèrè. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo agboolé láti ìloro dé ẹ̀yìn.

Kò rántí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwọn ará ilé. Bí ìyálé bá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó, ìyàwó ti rí i fín nìyẹn. Kí oòrùn tó yọ, Bàbá Yésúfù ti pe gbogbo ilé jọ. Fàtímọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyálé mi, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

"Iṣẹ́ yìí ló ń gùn ún," ni Bàbá Yésúfù wí. "Fàtímọ̀, bọ́ bàtà yẹn. O ò lọ mọ́. Gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyálé rẹ."

Kí Nimotallahi ṣáà dákẹ́ ni. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ nìyí, wọ́n gbé e fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Fàtímọ̀ bọ́ bàtà náà, ó tò ó ti ògiri, ó sì na ọwọ́ méjèèjì láti gba ìgbálẹ̀.

Nimotallahi kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, kò ṣẹ̀ mí."

"Kí ló wá dé?"

"Owú ni. Èmi náà ń fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Mo rò pé tí wọ́n bá rí i pé èmi ni mò ń gbálẹ̀, wọ́n á mú mi."

Gàfárù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyálé Agbálẹ̀, ojú sì ń tì í nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Fàtímọ̀ padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó yege, ẹgbẹ́ náà sì mú Nimotallahi nígbà tí wọ́n tún dé.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wọ bàtà tirẹ̀, ó jókòó síwájú. Ta ló wọlé láti kọ́ wọn? Fàtímọ̀ ni. Bó ti rí ìyálé rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyálé mi." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú ṣọ́bìrì, ó ní kí gbogbo wọn fetí sílẹ̀. Lójú Nimotallahi, ì bá tilẹ̀ má kúnlẹ̀, ì bá sàn.

"Ta ló mọ ìdí tí a fi ń bo òkìtì ajílẹ̀?" ni Fàtímọ̀ bi wọ́n.

Nimotallahi ti na ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni tó mí.