Ta Ló Ní Kí Wọ́n Kó Ife Evalina Dà Nù?

Evalina Mungin kú. A sin ín sáàárín àwọn bàbá rẹ̀ létí omi, a dojú rẹ̀ kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ilẹ̀ orí sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ tán tí wọ́n fi ti ọ̀nà ibẹ̀ pa, tí wọ́n sì gbá orí rẹ̀ bí ẹni gbá ààtàn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ akọ́létà tó ra gbogbo ilẹ̀ tó yí ibẹ̀ ká mọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀. Pásítọ̀ wa mọ̀. Ó ní ká máa gbàdúrà.

Ta ni kò jẹ ìrẹsì pupa Evalina rí ní erékùṣù yìí? Nígbà tí wọ́n wá bá a ra ilẹ̀, apẹ̀rẹ̀ koríko ló ń hun, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ ra ti aládùúgbò. Èmi ṣì ń lo tèmi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò yẹn ló wà lórí pátákó gàgàrà lẹ́nu géètì wọn báyìí, tí wọ́n fi ń ta ilé.

Drucilla, àbúrò rẹ̀, ló gbé ife tó mu kẹ́yìn àti àwo rẹ̀ sórí sàréè, ó fọ́ wọn díẹ̀ bí a ti ń ṣe, kí òkú má baà padà wálé wá wọn. Àwọn agékoríko ilé-iṣẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí.

Mo bá Drucilla lọ sẹ́nu géètì lọ́sẹ̀ tó kọjá.

“Ta lẹ wá kí, mà?” Aṣọ́géètì ló bèèrè.

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Onílé gbọ́dọ̀ pè wá pé òun ń retí yín.”

“Ó ń retí mi. Kò ní fóònù ni.”

“Mà, ẹ má bá mi ṣeré. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi.”

“Ta ló ń bá ẹ ṣeré? Òun nìyẹn lókè orí ẹ! Gbójú sókè, kó o kí i.”

Ọkùnrin náà wo pátákó, ó wolẹ̀. Kò ṣí géètì.

Mo kàwé nípa òwò, mo mọ èrè. Ẹ fojú òkú polówó, ẹ ti àbúrò rẹ̀ mọ́ta. Èwo ni ká pe ìyẹn? Ó ti rẹ̀ mí. Ìpàdé lórí ìpàdé, wọ́n á fún wa ní kọfí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà ká àwọn lára. Drucilla kì í sì í sùn mọ́. “Bó bá wá bèèrè ife rẹ̀ lọ́wọ́ mi ńkọ́? Kí n ní mo gbé e fún ta ni?”

Ìpàdé tán. Kó tó di ọ̀sán Sátidé yìí, kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà fi kọ́kọ́rọ́ géètì lé Drucilla lọ́wọ́. Kí ó wá ẹrù òkú jáde níbikíbi tí wọ́n dà á sí, àfọ́kù àti gbogbo rẹ̀. Kí ó sì dárúkọ ẹni tó pàṣẹ, ní gbangba, níwájú ìjọ. Ọ̀sán Sátidé ni mo wí. Kì í ṣe Mọ́ńdè.