Ìṣẹ́jú Kẹtàdínlógún

Ìró aago ni ohun àkọ́kọ́ tí Muroi Shizue gbọ́ láyé tí kò kúrò létí rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Okayama, ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n sì máa ń tẹ́ ibùsùn ọmọ náà sí. Nǹkan bí ogójì aago ni yóò máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ lórí rẹ̀, tí ọ̀kan kò ní bá èkejì mu. Bàbá rẹ̀ á máa fetí sí wọn, á máa tún wọn yí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn á fi máa dún bí ẹyọ kan. Ìgbà yẹn ni oorun tó máa ń kùn ọmọ náà.

Nígbà tó dàgbà, kò ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Olùkọ́ ló dà, olùkọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wà ní yunifásítì kan nílùú náà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Japan bí wọn yóò ṣe fi èdè Japan kọ́ àlejò. Àwọn ará àdúgbò máa ń bi í pé ṣé èdè tí wọ́n bí èèyàn sí náà ló tún ń gba ọdún mẹ́rin. Á ní kí wọ́n wá ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tó gbọ́ igba ọ̀rọ̀ péré, kí wọ́n má sì fi ẹyọ kan kún un, kí àwọn wò ó bóyá òógùn ò ní bò wọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ìdánrawò. Àwọn àlejò tó ń ṣiṣẹ́ nílùú á wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan á sì dúró níwájú wọn kọ́ wọn. Gbogbo ohun tó máa sọ ló ti gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, àti ohun tó rò pé wọ́n máa fi dá a lóhùn, ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Shizue á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aago àpò bàbá rẹ̀. Aago Ògiri ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é tó bá ti yíjú. Ó mọ̀, kò sì bí i nínú.

Kanbe Mio wà ní ọdún kẹrin nígbà náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ya káàdì àwòrán tó ń lò ní kíláàsì, ó sì mọ àwòrán yà débi pé àwọn àlejò máa ń rẹ́rìn-ín kó tó lanu. Àléébù rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ló máa ń parí iṣẹ́. Òfin Shizue ni pé kí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé igun káàdì kó rí roboto, kó má baà gún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ti Kanbe á ṣì mú ṣóńṣó. Shizue fẹ́ràn ọmọ náà, kò sì jẹ́ kó mọ̀. Ilé ìwé kan ní Sapporo ti fún un níṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì nìkan ni wọ́n ń dúró dè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tó kan Kanbe láti kọ́ni, ẹ̀kọ́ dá lórí ara ríro. Kanbe gbé káàdì eyín sókè, ó gbé ti ikùn, ó gbé ti ọwọ́. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ó kan Khin Thida, obìnrin ará Myanmar kan tó ń di oúnjẹ ọ̀sán sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan. Dípò kó sọ ohun tó wà nínú ìwé ètò, ńṣe ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

“Tíṣà,” ó ní, “tèmi rèé.”

Omi gbígbóná ló bó o lápá, ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ níbi iṣẹ́ ló sì fi wé e. Egbò náà ti ń ṣọyún. Ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé tó bá fi lè dé ọsíbítù, kó má padà wá.

Kanbe kó káàdì sílẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ó sì kọ gbogbo ohun tí obìnrin náà máa sọ fún dókítà sójú pátákó. Gbogbo kíláàsì dà á kọ. Nígbà tí aago lù, nínú apá márùn-ún tó wà nínú ìwé ètò, méjì péré ló ti ṣe.

Lẹ́yìn ìdánrawò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Shizue máa ń jókòó yí ẹni tó kọ́ni ká. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ibi tó dára, wọ́n á wá sọ àṣìṣe, onítọ̀hún á tẹrí ba, á sì dúpẹ́. Kì í gbèjà ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Orito, sọ̀rọ̀ sí Kanbe létí pé, “Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí wọn ò tíì kọ́ lo kó lé wọn lórí. Mo kà á. Díẹ̀ ló kù kí Aago Ògiri já lulẹ̀.” Shizue gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

“Kanbe,” ó ní, “tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí lo máa ṣe?”

Gbogbo wọn ló mọ ìdáhùn: màá ní kó dúró di ẹ̀yìn kíláàsì, màá sì bá ètò lọ.

“Ohun tí mo ṣe náà ni, Tíṣà.”



Ojú ìwé kan ni ẹni tó bá kùnà máa ń kọ, pé òun gba ẹ̀bi. Láìsí i, kò sí máàkì, kò sì sí ìwé ẹ̀rí. Shizue fún Kanbe láyè di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Kanbe kanlẹ̀kùn, ó wọlé lọ́wọ́ òfo.

“Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Tíṣà. Mo fà á ya lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Kò sẹ́ni tí kì í kọ ọ́. Èmi náà kọ ọ́ nígbà tèmi.”

“Kí lẹ kọ?”

Shizue wá a lọ́kàn rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó wo aago. “Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ,” ó ní.

Ọmọ náà tẹrí ba, ó pẹ́ kó tó gbórí sókè, ó sì jáde. Shizue gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ tó dúró. Ilẹ̀kùn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí àga rẹ̀ lọ, ó sì jókòó síbẹ̀ tó ń fetí sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ náà fi tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Nígbà tí aago márùn-ún lù, ó kọ òdo.

Sapporo gba ẹlòmíràn. Ẹnu Orito ni Shizue ti gbọ́, lẹ́yìn ọdún méjì, pé Kanbe ń gbé àwo ní ilé oúnjẹ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Kurashiki. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Shizue wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀, tó ra tíì mu, tó sì padà sílé.

Ní ọdún kẹfà lẹ́yìn ìdánrawò yẹn, orúnkún gbé e lọ sí ọsíbítù. Obìnrin kan tó ń bá àwọn àlejò túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà sáré wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Khin Thida ni. Àpá egbò náà ti ń dán lápá rẹ̀.

“Tíṣà àgbà,” ó ní, “Tíṣà kékeré wa ńkọ́? Níbo ló ti ń kọ́ni báyìí?”

“Ó wà ní Kurashiki.”

“Ẹ wò ó, àwọn tó ń kọ́ níbẹ̀ mà jèrè o.”

Shizue mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ń palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì mọ́, ó rí àpótí kan tí káàdì méjìlá tí Kanbe yà wà nínú rẹ̀: eyín, ikùn, ọwọ́, àti àwọn yòókù. Igun wọn ṣì mú ṣóńṣó. Ó fa àga, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí eyín. Bó bá ti gé igun kan, á fi àtàǹpàkò wò ó, á gé òmíràn. Ọwọ́ ló ṣe gbẹ̀yìn. Nígbà tó gé e tán, ó fi rọ́bà so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó gbá ìdọ̀tí bébà orí tábìlì sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì dà á nù.