Àpótí Kafani Màmá Mi

Ẹnu mi ló kó bá mi. Nígbà tí màmá mi sọ pé ìpẹtà ti ń jẹ àpótí páànù òun, àwọn ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ lórí fóònù. Èmi àbíkẹ́yìn ni mo lanu tí mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, èmi fúnra mi ni màá kan onígi fún yín." Tíṣà ìṣirò ni mí. Títí di ọjọ́ yẹn, mi ò kan nǹkan kan rí ju ìṣó tí mo fi gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri.

Ohun tó wà nínú àpótí páànù yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Kafani màmá mi ni, aṣọ funfun tí a ó fi wé e lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Ó rà á ní Mẹ́kà lọ́dún tó lọ síbẹ̀, ó fi omi sámúsámù fọ̀ ọ́, ó sá a sí oòrùn ibẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ká a pẹ̀lú bísímílà. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò tú ìká náà. Lọ́dọọdún, tí a bá ti túnu ààwẹ̀ tán, a máa gbé e jáde bó ṣe wà, a ó gbé e sórí àga kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, màmá mi á wọ́n lọ́fínńdà díẹ̀ sí i lára, á sì dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀. Gbogbo àwọn ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ tajà ní ọjà Treichville, nílẹ̀ elédè Faransé tí a ti ń gbé yìí, ló mọ̀ nípa aṣọ yẹn. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Alhaja ti di ẹrù tán, ọkọ̀ nìkan ló ń dúró dè.

Ọdún yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ní ọsibítù, dókítà bá mi sọ Faransé gígùn kan nípa kíndìnrín rẹ̀, èmi náà wá ń wá Yorùbá kúkúrú tí mo lè fi tú u fún un. Màmá mi gbọ́ Faransé ọjà, kò gbọ́ ti dókítà. Ó wo ojú mi títí, ó ní, "Ọkọ mi, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Ìgbà wo ni àpótí mi máa jáde?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ikú sáré, mi ò sì mọ ayùn mú.

Káfíńtà àgbà kan wà nítòsí àdúgbò Siporex, ọmọ Kétu láti Benin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn tó ń ta táyà. Ó gbà kí n máa lo tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́rú àti ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mi ò ní kíláàsì. "Prof" ló ń pè mí, ẹ̀rín sì máa ń wà nídìí ìpè náà.

Igi funfun ni mo kọ́kọ́ rà. Bàbá náà fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mi orí.

"Prof, igi yìí ṣì tutù o. Tò ó sílẹ̀, fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ kọjá. Un mois, deux mois, á wá dáa, c'est bon."

"Bàbá, mi ò ní oṣù méjì."

"Igi ò mọ ìyẹn."

Mo rẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà. Mo kàn án, mo lẹ̀ ẹ́, mo sì gbé e lọ sílé wa ní Niangon bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìdérí rẹ̀ fi wọ́. Igun kan gbé sókè, ẹ̀gbẹ́ kan sì ya kúrò lára èkejì. Màmá mi na ìka sínú àlàfo náà láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jù ú. "Ìka mi wọlé o," ló wí. "Aáyán ò ní í kan ilẹ̀kùn." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹ̀rín rín.

Fún èkejì, mo dúró kí igi gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró, lójoojúmọ́ ni mo sì ń wo ẹsẹ̀ màmá mi kí n tó lọ wo igi. Ẹsẹ̀ ń wú, igi ń fúyẹ́. Nígbà tó gbẹ, mo wọn aṣọ náà lórí ìká rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀ títí dé orí milimita, mo sì gé pákó gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wọ̀n ọ́n. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa ẹnu pọ̀. Mo gbé aṣọ wá, kò wọ inú rẹ̀. Ìta àpótí ni mo fún ní ìwọ̀n tó yẹ kí inú rẹ̀ ní. Mo gbàgbé pé pákó fúnra rẹ̀ nípọn. Èmi tí mò ń fi bírò pupa fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ! Ojú tì mí débi pé mo fi ìyàwó mi sílẹ̀ nídìí oúnjẹ, mo lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Lẹ́yìn náà ni mo wá lọ bi màmá mi bóyá a lè tún aṣọ náà ká, díẹ̀ ṣá, ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó ṣí orí sílẹ̀ lọ sọ́jà.

"Ọwọ́ tí mo fi ká a, ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan Káábà ni," ló wí. "Àpótí ni kó o lọ tún kàn."

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá káfíńtà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Iná ẹ̀sìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì, Prof, àfi ìwọ." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó fa pákó mélòó kan jáde tí eruku ti bò. Ó fi ìfági fá ọ̀kan lára wọn, àwọ̀ pupa kan sì yọ lábẹ́ eruku, irú pupa tí mi ò rí lára igi rí.

"Igi osùn nìyí. Bois rouge. Ara irú rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń lọ osùn tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Ó ti wà níbí tipẹ́, ó ti gbẹ, kò ní í wọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń tú àwọ̀ o. Kí o kun ún ní fáníìṣì lóde, kí o kun ún nínú, ẹ̀ẹ̀mẹta."

Etí mi kò gbọ́ ju osùn lọ. Fọ́tò kan wà nílé wa, tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ. Màmá mi gbé mi sẹ́sẹ̀, osùn tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti sọ mí di pupa látòkèdélẹ̀. Mo ní láti inú osùn ni ó ti gbà mí wá sáyé, ó yẹ kí èmi náà fi osùn ṣe ilé fún aṣọ ìkẹyìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn lọ́kàn mi, ó dùn jù.

Mo fara balẹ̀ sí àpótí kẹta yẹn. Ìwọ̀n inú rẹ̀ pé. Mo fín ewé sí ìdérí rẹ̀, irú ewé tó wà létí ìró àtijọ́ kan tí màmá mi fẹ́ràn, mo sì ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan fáníìṣì, mo rántí lọ́fínńdà aṣọ náà. Mo rò ó pé òórùn fáníìṣì á pa á. Mi ò sọ fún bàbá káfíńtà. Òróró àgbọn ni mo fi pa á tinú-tòde, ó sì ń dán.

Màmá mi fi ọwọ́ pa ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ó dáa." Èmi ni mo yọ aṣọ kúrò nínú ọ̀rá, torí mo rò pé ọ̀rá kò yẹ àpótí ẹlẹ́wà bẹ́ẹ̀, mo gbé e sínú rẹ̀, mo dé e.

Àsìkò òjò ni. Fún ọjọ́ márùn-ún, òjò ò dá, ara ògiri ilé wa ń làágùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, màmá mi sùn, mo ní kí n yọjú wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbé aṣọ náà sókè. Gbogbo abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n.

Mo gbé e sá lọ sí balùwẹ̀. Mo tú ìká náà. Ìká tí ẹnikẹ́ni kò tú láti Mẹ́kà, èmi ni mo tú u pẹ̀lú ọwọ́ tí òróró ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, pupa náà fẹ̀. Mo tún fọ̀ ọ́, ó fẹ̀ sí i. Mo mú ìgò Javel, omi tí ń bó àwọ̀ lára aṣọ, ẹ̀rù bà mí pé á jẹ aṣọ náà, mo gbé e sílẹ̀. Mo jókòó sórí símẹ́ǹtì tó tutù, mo sì sunkún bí ọmọdé. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ọwọ́ mi méjèèjì, kó dá aṣọ náà padà bó ṣe wà. Ohun kan ṣoṣo tí màmá mi pèsè sílẹ̀ fún ara rẹ̀ láyé yìí, èmi tó bí ni mo bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ọjà Treichville. Ìyá kan tó ti bá màmá mi tajà ní ojúkojú láti kékeré mi ni mo bá níbẹ̀, aṣọ ló ń tà, mi ò sì lè yẹra fún un. Mo ní mo fẹ́ aṣọ funfun, mo sọ iye ọ̀pá tí mo fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló kú?"

"Ẹnì kankan ò kú, màmá."

"Alhaja ńkọ́?"

"Wọ́n wà, màmá. Ara ń yá díẹ̀díẹ̀."

"Alhaja ní tiẹ̀ nílé. Ta lo ń ra èyí fún?"

Mo ní tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ló rán mi. Ó gé e fún mi. Mo kúrò níwájú rẹ̀ bí olè.

Mo ká tuntun náà bí mo ṣe rántí, mo wọ́n lọ́fínńdà sí i, mo fi ọ̀rá àtijọ́ wé e, mo gbé e lé màmá mi lẹ́sẹ̀. Mo ní mo kàn fẹ́ kó rí i ni. Ojú rẹ̀ ti bàìbàì nígbà yẹn. Ó ki ọwọ́ sínú ọ̀rá, ó fọwọ́ pa aṣọ náà.

"Aṣọ yìí ò mọ̀ mí," ló wí. "Tèmi dà?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún un: osùn, òróró àgbọn, balùwẹ̀, Treichville. Ó yí ojú sí ògiri. Fún ọjọ́ méjì gbáko, ọwọ́ ìyàwó mi nìkan ló ti gba omi mu. Tí mo bá wọlé, á di ojú. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, mi ò mọ ohun tí mò ń kọ sí bọ́ọ̀dù. Mo ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa lọ, láìbá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta ló ní kí n gbé aṣọ òun wá, èyí tó pọ́n. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò pa á.

"Osùn ni?"

"Osùn ni, Màmá."

"Nígbà tí mo bí ẹ, osùn ara ẹ ba gbogbo ìró mi jẹ́. Léèsì tí mo fi ṣègbéyàwó wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹnì kan sọ fún ẹ pé mo sunkún?"

Mo mi orí pé rárá.

"Torí èyí tuntun yẹn ni mo ṣe kẹ̀yìn sí ẹ. O fẹ́ kí n wọ irọ́ lọ bá Ọlọ́run mi." Ó sinmi díẹ̀, èémí rẹ̀ ti ń gé. "Tèmi yìí ni kí ẹ fi wé mi. Ká a."

"Màmá, mo ti tú ìká yín."

"Mo gbọ́. Wá jókòó, jẹ́ kí n kọ́ ẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára mọ́. Ọwọ́ mi ló ń ká a, ẹnu rẹ̀ ló ń darí mi: bísímílà, mú etí yìí, rọra, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tú u, tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é kó tó gbà. Nígbà tí mo bi í nípa àpótí, ó ní, "Kan òmíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má yára."

Mi ò yára. Mo ra igi funfun, mo tò ó, mo fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín, mo fi sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà tí màmá mi kú, ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ kan, láàárín irun méjì.

Àwọn ìyá tó wẹ̀ ẹ́ pè mí sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan ní, "Kí ni pupa ara aṣọ yìí?" Mo ní, "Osùn ni, màmá. Èmi ni mo bà á jẹ́." Ìyá tó gé aṣọ fún mi ní Treichville wà láàárín wọn. Ó wò mí pẹ́. Kò bi mí léèrè tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ó gba aṣọ náà, ó yí ibi tó pọ́n sínú, síhà ara màmá mi, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ni mo padà sí Siporex. Mo rẹ́ igi náà, mo fi ìwọ̀n pákó kún ìwọ̀n aṣọ, mo fín ewé sí i lórí. Bàbá káfíńtà ṣí i, ó dé e, ó tún ṣí i. Ó ní, "C'est bon, Prof," kò sì rẹ́rìn-ín.

Mo gbé e lọ sí yàrá màmá mi. Kò wọ́, kò ya, kò tú àwọ̀. Inú rẹ̀ gba aṣọ kan ṣoṣo gẹ́lẹ́, aṣọ náà sì ti wà nínú ilẹ̀.