Ìwé Tí Tíṣà Fi Ránṣẹ́ sí Mi

Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni mo fi ń rántí ìwé náà. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá mi wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Okokomaiko láàárín àwọn ọdún 1980, orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo sì ti kà á, tí ìyẹ̀fun pákó ń bọ́ sáàárín ojú ewé. Àbúrò ìyá mi tí ń ta òwú ní Ìyànà Ìbà ló gbé e wá. Òun ni alárenà láàárín èmi àti tíṣà ará Èkìtì kan tí ń kọ́ni ní ilé ìwé girama ní Ìbà. Aṣọ tàbí bisikíìtì ni àwọn ọkùnrin mìíràn máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n ń fẹ́. Ìwé ìtàn àtijọ́ tí gbogbo olùkọ́ Yorùbá ń yìn ni tèmi fi ránṣẹ́.

"Ó ní kó o kà á dáadáa o," ni àǹtí mi wí, ó sì yínmú. "Búrẹ́dì lásán, kò rà!"

Mo kà á. Háà, Yorùbá inú ìwé yẹn dùn! Bí òǹkọ̀wé náà bá ń sọ̀rọ̀ òjò, ara rẹ á máa tutù. Amọ̀kòkò kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú bérébéré, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n tí n kò ní. Ọkọ rẹ̀ fẹ̀sùn olè kàn án, obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò mọ ìgbà tí mo pàtẹ́wọ́. Àfi bí òǹkọ̀wé ṣe dá a padà ní ìparí, lórí ìkúnlẹ̀, tó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí kò jí! Mo ju ìwé náà sórí àwọn pákó. Nígbà tó yá, mo tún lọ gbé e nítorí ibi òjò yẹn. Kí gan-an ni tíṣà yìí ń wí fún mi? Ṣé bó ṣe fẹ́ kí èmi náà máa kúnlẹ̀ nìyẹn? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó fún un ní ìṣíhùn, ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni" tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń retí lẹ́nu mi.

Ìwé tí èèyàn bá kà tán, ṣebí dídá padà ni. Mo dá a padà sọ́wọ́ àǹtí mi, kí tíṣà lè mọ̀ pé mo ti parí rẹ̀, kó wá bi mí léèrè. Mo gbàgbé pé ẹ̀bùn tí ọmọbìnrin bá dá padà sọ́wọ́ alárenà, ó ti kọ ẹni tó fún un nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà dé sí ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti wọnú. Bàbá mi wò ó, ó wò mí, ó ní òun ń lọ ra ìṣó.

"Kí ni mo ṣe?" ni tíṣà bi mí.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, sà. Ìwé yín ni mò ń bá jà. Kí ló dé tí obìnrin yẹn padà wá kúnlẹ̀?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ibẹ̀ ló ń bí mi nínú láti ìgbà tí mo ti wà níléèwé. Gbogbo ẹni tí mo bi ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n gbọ́ tìẹ."

Ìwé náà wà lábíyá rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo gbà á. Bàbá mi padà dé láìra ìṣó kankan, ó rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Títí di òní la ṣì ń jiyàn lórí ojú ewé yẹn nínú ilé wa. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìwé dà bí ẹni tó ń fẹ́ni sọ́nà: kí a gbà á tàbí kí a kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti gba ìṣíhùn lẹ́nu mi. Ìwé náà ò tíì gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dá a padà.