Òrí Àárọ̀ Ọyẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló jẹ́ kí n kàwé gboyè, mi ò ní kọ́kọ́ dárúkọ olùkọ́. Ìyá onílé mi ní Ìlódè ni mo máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ìwé.

Nígbà tí yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó bọ̀ wá sí Ifẹ̀ láti Ìbàdàn ni mo gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ẹdẹ ni, opó ni, mùsùlùmí òdodo. Òun ni wọ́n ń pè kó wá wẹ òkú bí obìnrin bá kú ládùúgbò. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Ohun kan tí Ìyá kò gbà rárá ni kí ọmọ fi ara funfun jáde nílé rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Láràárọ̀ ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá òrí, á fà mí lọ́wọ́, á fi òrí pa mí láti ìka títí dé ìgúnpá bí ọmọ jòjòló. Mo máa ń kùn. Àmọ́ mo máa ń na ọwọ́.

Bàbá mi tó ń dáko ní Ẹdúnàbọ̀n ti sọ ọ́ fún mi ní tirẹ̀: bí mo bá já nínú ìdánwò kan ṣoṣo, kí n padà wálé wá lọ́kọ. Bàbá mi kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi fún ìdánwò ọdún náà dùn mọ́ mi. Wọ́n ń kọ́ wa pé awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara wa, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Pé hóró ọ̀rá náà ní apá tó fẹ́ràn omi, ó sì ní ìrù méjì tí kò fẹ́ rí omi sójú. Ìpele méjì ni wọ́n ń tò, tí ìrù wọn forí pamọ́ sáàárín. Kò sẹ́ni tó dì wọ́n pọ̀, síbẹ̀ wọn ò túká. Wọ́n ń yọ́ kọjá lára ara wọn bí èrò ọjà.

Ìpele kan péré ni wọ́n ní kí n fi hàn. Mo yọ ọ̀rá lára pupa ẹyin, mo pò ó mọ́ kẹ́míkà tó ń tètè gbẹ, mo wá wọ́n páúdà sórí omi nínú àwo. Bí ẹ̀kán kan nínú àpòpọ̀ náà bá kan omi, ó yẹ kí ọ̀rá tẹ́ lọ bí ẹní, kó ti páúdà sẹ́yìn, kí ojú omi ṣí ní róbótó. Tèmi ò ṣí. Páúdà kàn jókòó, ó ń wò mí. Mo fọ àwo, mo pààrọ̀ omi. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ṣe ló ń le sí i.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, olùkọ́ mi ní, “Omi rẹ kò mọ́. Ọ̀rá kan ti ṣáájú rẹ débẹ̀.” Ó ní kí n wá káfúrà gidi, nítorí káfúrà máa ń sáré lórí omi tó bá mọ́. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà fún àpótí aṣọ kì í ṣe ojúlówó. Ṣùgbọ́n ojúlówó wà lọ́wọ́ Ìyá, èyí tí wọ́n bá a mú bọ̀ láti Mẹ́kà, tó máa ń fi sínú omi ìkẹyìn fún òkú. Ó nà án sí mi nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e.

“Mú u. Òkú ò ní bínú.”

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni. Mo pọn omi tuntun sínú àwo, mo fi ọ̀bẹ ha káfúrà lé e. Kíá, àwọn èérún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wọ́n ń yí bìrí. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó na ìka kan, ó fi kan omi.

Gbogbo wọn dúró.

“Yéè! Ṣé mo ti pa wọ́n ni?”

Mo wo ìka rẹ̀. Ó ń dán. Tèmi kò dán, ọṣẹ tí mo fi fọ aṣọ ti mú un mọ́.

“Ìyá, kí ló wà lọ́wọ́ yín?”

“Kí ni ì bá wà níbẹ̀? Òrí ni.” Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi. “Òrí tí mo ń fi pa ọ́? Èmi ni mo ń ba iṣẹ́ ẹ jẹ́ látọjọ́ yìí?”

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ìyá, ẹ̀yin lẹ fi hàn mí. Ká ní ẹ ò fọwọ́ kàn án, mi ò bá tí mọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, kò sí igbá òrí lẹ́nu ọ̀nà. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni Ìyá fi fọ ọwọ́ mi, tó ń bẹ̀ mí bí ẹni tó ń fìyà jẹ mí. Mo rìn gba àdúgbò Mayfair lọ síbi ìdánwò, ọyẹ́ ń la ọwọ́ mi. Nígbà tí ẹ̀kán náà kan omi, páúdà sá lọ ní gbogbo ọ̀nà, ojú omi sì là ní róbótó níwájú mi. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní mo yege.

Ọwọ́ mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀ kí n tó délé. Ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá rẹ̀. Òtútù ti mú òrí náà le. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì yọ́ ọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí n gbé ọwọ́ wá ná. Ìgbà tó pa apá ọ̀tún tán ló tó bi mí.

“Ṣé ó sáré?”

“Ó sáré, Ìyá.”

“Alhamdulilahi,” ó ní. Ó sì fa ọwọ́ òsì mi.