Ọpẹ́ Yàtọ̀ sí Àforíjì

Èéfín ti kún ojú mi, mi ò sì gbọdọ̀ dijú, nítorí ẹja ṣáwá tó wà lórí ààrò ti tó yí. Ìyá àgbà jókòó sí òdìkejì, wọ́n ń ti èèpo àgbọn bọ ìdí iná díẹ̀díẹ̀. Èéfín la fẹ́, a ò fẹ́ ọwọ́ iná. Òróró ẹja ń kán sórí ẹ̀yinná, ó ń dún ṣìì, òórùn rẹ̀ sì ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun, ó ń bá mi dé ilé ìwé. Lórí ọ̀sà, àwọn apẹja ń fi àjẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ẹja lè sá wọ inú àwọ̀n.

"Yí i," Ìyá àgbà wí. "Ẹja tó jóná lẹ́yìn kan, ta ló máa bá ẹ jẹ ẹ́?"

Ìyá tó bí màmá mi ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni màmá mi fi mí sí nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èkó. Abúlé wa wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ajah. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Èkó, torí ọ̀nà ilẹ̀ tó wà nígbà náà, iyanrìn lásán ni, mọ́tò tó bá sì gbà á, èèyàn ló ń tì í dé ibi tó ń lọ. Kò sí ẹni tó ń pe Ìyá àgbà lórúkọ. Mo ti dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ní ọ̀kan.

Àwòrán kan ṣoṣo ló wà lára ògiri yàrá wọn, àwòrán Bàbá Òmìnira. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe olóṣèlú náà lágbègbè wa, torí ó wà lára àwọn tó bá òyìnbó sọ̀rọ̀ títí òyìnbó fi gbé ìjọba sílẹ̀. Tíṣà wa a máa sọ fún wa pé ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, gómìnà òyìnbó sì ń làágùn. Kò rò ó pé ooru ilẹ̀ wa lásán tó láti mú òyìnbó làágùn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí Ìyá àgbà tó gbálẹ̀, wọ́n á fi etí ìró nu gíláàsì àwòrán náà, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí kò pamọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí ló kú, òmíràn kò tilẹ̀ pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Òmìnira, tó ti di mínísítà kí òyìnbó tó lọ, kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí tòsí wa, ó sì fi nọ́ọ̀sì síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí màmá mi sí. Nọ́ọ̀sì ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé ìyá lọ, òun náà ló gbá ọmọ nídìí títí ó fi ké. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n á nawọ́ sí mi, wọ́n á ní, "Ìwọ gan-an, ibẹ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀."

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ṣàkíyèsí. Bí àwọn àgbà bá péjọ lábẹ́ igi àgbọn, tí wọ́n ń sọ pé Bàbá Òmìnira kò ṣe aburú kan rí, Ìyá àgbà kì í dá sí i. Wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á máa fẹ́ iná tí kò kú.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló jẹ́ kí n mọ ìdí rẹ̀. Lábúlé wa nígbà náà, inú ilé la ń sin àgbà sí. Ọmọdé kọ̀ọ̀kan ló mọ yàrá tí bàbá àgbà òun sùn sí, wọn kì í sì í da omi gbígbóná síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a jà, ọmọ ilé kejì sọ fún mi pé, "Ilé yín ò lẹ́nì kankan nílẹ̀. Àlejò ni yín." Ó dùn mí wọ eegun. Mo sáré lọ bi Ìyá àgbà pé níbo ni ọkọ wọn wà.

Edé ni wọ́n ń ṣà. Wọn ò gbójú sókè.

"Etí òkun," ni wọ́n wí. "Nínú ilé wa."

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi, wọn ò gbóhùn sókè, bí ẹni ń júwe ọ̀nà. Etí òkun ni ilé wa àtijọ́ wà. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Bàbá Òmìnira rán àwọn èèyàn wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe nǹkan ńlá síbẹ̀ fún orílẹ̀-èdè. Bàbá Òmìnira fúnra rẹ̀ wá, ó dúró lẹ́yìn mọ́tò, ó sì sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé tó bá yá wọ́n á gbàgbé ẹkún wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó wọn wá sétí ọ̀sà nínú òjò. Katakata wó ilé. Ìyá àgbà bẹ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ pé kó jẹ́ káwọn ọkùnrin hú ọkọ òun kúrò nínú yàrá, kí wọ́n lọ tún un sin. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí wọ́n padà dé, wáyà ti yí ibẹ̀ ká, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n wá kọ́ síbẹ̀?" ni mo bi wọ́n.

"Koríko," ni Ìyá àgbà wí, wọ́n sì ju edé tó ti bàjẹ́ nù.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni rédíò kéde pé Bàbá Òmìnira ti kú. Abúlé pinnu láti ṣe àdúà ogójì ọjọ́ fún un. Ẹnì kan tí òun pẹ̀lú olóògbé jọ ṣe òṣèlú ní Èkó ṣèlérí pé òun á wá, ọ̀rọ̀ sì ti lọ yíká pé, bí ohun gbogbo bá lọ dáadáa, ó lè bá wa sọ ọ̀rọ̀ títì ọlọ́dà tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n ro ìta mọ́ṣáláṣí, wọ́n ta tapólì. Ààrò kankan kò rú èéfín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Olóṣèlú náà, tí a wá ń pè ní ọ̀gá Èkó, dé nínú agbádá funfun tí iyanrìn ti bà jẹ́ nísàlẹ̀. Èmi àti Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin.

Áfáà ka ohun tó yẹ ní kíkà. Lẹ́yìn náà ó bi wá ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èèyàn nídìí òkú gbogbo lọ́dọ̀ wa.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tí à ń ṣàdúà fún yìí, ọmọ Ádámọ̀ ni. Bó bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ bá wa forí jì í. Ṣé ẹ ti forí jì í?"

"A ti forí jì í!"

Kò sẹ́ni tí kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. A dáhùn bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin kan tó jí àwọ̀n gbogbo wa.

"Èmi ò tíì forí jì í o," Ìyá àgbà wí.

Wọn ò pariwo. Àmọ́ gbogbo wa la gbọ́ ọ. Obìnrin tó wà lẹ́yìn wa fa aṣọ wọn. Ọ̀gá Èkó yíjú padà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba nǹkan jẹ́ fún wa. Èèyàn ńlá lẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn o."

Áfáà ni Ìyá àgbà kọjú sí. "Áfáà, ṣé ẹ̀ ń bi wá ni, àbí ẹ kàn ń sọ ọ́?"

Áfáà náà wà lára àwọn tí wọ́n kó kúrò létí òkun. "Mò ń bi yín ni, Ìyá."

"Ó dáa. Ọmọ mi tó wà láyé, ilé ìgbẹ̀bí ọkùnrin yìí ni mo bí i sí. Mò ń dúpẹ́, mi ò ní yéé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi katakata wólé lé ọkọ mi lórí, ó ní mo máa gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Ọpẹ́ yàtọ̀, àforíjì yàtọ̀."

"Kí wá ni Màmá ń fẹ́ ká ṣe?" ọ̀gá Èkó bi wọ́n, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ mí."

Áfáà ní ẹ̀tọ́ tí èèyàn bá ní lọ́rùn ẹnìkejì, ẹni tó ni ín ló lè yọ̀ǹda rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a yọ̀ǹda rẹ̀. Ó wá tọrọ pé kí Ọlọ́run fi àlìjáńnà kẹ́ olóògbé. Ìyá àgbà tẹ́wọ́ méjèèjì, wọ́n sì ṣe "Àmín" sókè ju gbogbo wa lọ.

Títì kò dé lọ́dún náà. Àwọn kan ní Ìyá àgbà ló fà á, wọ́n á yínmú bí a bá ń kọjá. Ojú tì mí, mo sì bínú sí Ìyá àgbà. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ tí mo tún bá wọn nídìí àwòrán, mo ní, "Ẹ ò bá kúkú yọ ọ́ sọ nù."

"Kí ló dé?" ni wọ́n wí. "Ṣé màmá ẹ ti kú ni?"

Mo rò pé Ìyá àgbà á sọ pé àwọn ti forí jì í kí wọ́n tó lọ. Lásìkò àìsàn tó gbé wọn lọ, mo jókòó tì wọ́n, mo ń retí rẹ̀. Wọ́n béèrè omi, wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí òjò pa igi ìdáná. Wọn ò mẹ́nu ba ọkùnrin náà.

Ẹ̀sìtéètì ti bo etí òkun báyìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ táìlì ilẹ̀ ilé wọn. Àwọn ọmọ mi a máa jiyàn lórí Bàbá Òmìnira. Ọ̀kan ní akọni ni, èkejì ní amúnisìn aláwọ̀ dúdú ni. Bí wọ́n bá bi mí, màá sọ ti ilé ìgbẹ̀bí, màá sì sọ ti katakata, láì fi ọ̀kan bo èkejì. Inú wọn kì í dùn sí i. Lọ́jọ́ kan, àbígbẹ̀yìn mi ní, "Màmá, ó ti pẹ́ jù. Ẹ ò ṣe kúkú forí ji bàbá náà?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní ẹni tó lè forí jì í ti kú, kò sì fi rán mi.