Orí Ẹyẹ Òkun tí Kò Lórúkọ

“Gbé e lé mi lọ́wọ́, má sọ nǹkan kan.”

Bí ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ṣe máa ń wí nìyẹn. Màá gbé orí ẹyẹ gbígbẹ lé àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọn á dijú, wọn á fi àtàǹpàkò wá ihò ojú rẹ̀, wọn á fi ìka tọ ẹnu rẹ̀ lọ dé ṣóńṣó, wọn á wá gbé e sí imú. “Àwòdì ni. Kò tíì dàgbà tí wọ́n fi pa á, ó mà ṣe o.”

Lékulẹ́ja ni wọ́n ń tà lọ́jà Ìlá: egbò igi, awọ ẹran, ìkarahun, àti oríṣiríṣi orí ẹyẹ tí àwọn ọdẹ ń kó wá láti ọ̀nà Ìgbájọ àti Ọ̀tan. Òórùn èéfín, awọ gbígbẹ àti kérosìnì kì í kúrò ní yàrá wa. Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa dímú tí mo bá ń kọjá. Àwọn ni wọ́n mọ̀. Bí mo bá ti dé, ìdí igbá orí ẹyẹ ni mò ń lọ jókòó sí.

Àbúrò bàbá mi, àbíkẹ́yìn ìyá àgbà, ló dá kún iṣẹ́ wa. Èkó ló wà, ó ń bá àwọn apẹja ṣiṣẹ́ lórí òkun. Bí ó bá rí orí ẹyẹ tí omi gbé jù sí etí òkun, á dì í sínú agolo mílíìkì, á fi rán awakọ̀ lọ́rì sí ìyá rẹ̀. Kì í ṣe fún títà. Ó kàn fẹ́ràn kí ìyá òun máa dá wọn mọ̀ ni. Ìyá àgbà kò rí òkun rí, síbẹ̀ wọn kì í gbà pé ẹyẹ kan wà tí àwọn kò mọ̀. “Ẹbí lékeléke nìyí,” wọn á wí, wọn á sì gbá mi lọ́wọ́ tí mo bá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá yá, wọn á rọra bi àwọn ọdẹ, wọn á bi ìyá ẹlẹ́ja tó ń kó ẹja gbígbẹ wá láti Ẹ̀pẹ́. Òun ló sọ fún wa pé òfú ni ẹlẹ́nu gígùn kan, pé àpò tó wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀ ló fi ń kó ẹja. Ìyá àgbà ní irọ́ ni, kò sí ẹyẹ tó ń gbé àpò kiri.

Ọ̀kan wá dé tí ó rú gbogbo wa lójú. Ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ gùn ju òkè lọ. Ọdẹ kan ní ó ti kán ni. Ìyá àgbà fi ìka wò ó títí, wọ́n ní kò kán, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìyá ẹlẹ́ja kò sí nílùú. Awakọ̀ ní àbúrò bàbá mi ní, “Kí ìyá mi má dààmú lórí eléyìí. Mò ń bọ̀ nígbà ìkórè kòkó, ẹnu mi ni wọn á ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.” Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ yìí ti fẹ́ máa kọ́ àwọn níṣẹ́.

A kórè kòkó, a sá a, kò dé. Àwọn ọkùnrin kan láti Èkó ló dé, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni wọ́n sì gbà lọ, wọn kò yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òkun ti dojú ọkọ̀ àwọn apẹja tó ń bá ṣiṣẹ́ dé, òun náà bá a lọ. A kò rí òkú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gé wá sílé láti sin. Tirẹ̀ kò sí. Olórí ẹbí wọlé wá. “Ìyá, ẹ foríjì mí. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn orí ẹyẹ tó fi ránṣẹ́ sí yín sin ín. Ọwọ́ rẹ̀ kàn wọ́n.”

Ìyá àgbà kò sunkún. Wọ́n ní kí n máa gbé orí ẹyẹ náà lé àwọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń pe orúkọ kí wọ́n tó kó wọn sínú aṣọ funfun: ẹbí lékeléke, òfú. Nígbà tó kan èyí tí kò lórúkọ, wọ́n pa ọwọ́ dé.

“Eléyìí kò ní lọ. Ó ní òun ń bọ̀ wá sọ orúkọ rẹ̀.”

Òbí kì í wo sàréè ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà kọjú sí ògiri, èmi náà jókòó tì wọ́n, a ń gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìnkùlé. Inú ń bí mi sí òkun tí n kò rí rí.

Ìyá ẹlẹ́ja wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Bí ó ti rí orí ẹyẹ náà lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó ní, “Háà, ṣebí èyí ni—”

“Jọ̀ọ́, má dárúkọ rẹ̀,” ni ìyá àgbà wí. “Ọmọ mi ló máa sọ ọ́.”

Nígbà tí mo sin ìyá ẹlẹ́ja dé ẹnu ọ̀nà, ó fi omijé sọ orúkọ náà sí mi létí.

Láti ìgbà náà, bí kòkó bá ti pọ́n, ìyá àgbà á gbé àpótí síta, wọn á kọjú sí ọ̀nà ibùdókọ̀. Ojú wọn fọ́, wọn kò dẹ́kun. Nígbà tí ara wọn kò gbé e mọ́, wọ́n pè mí sí ẹ̀bá ẹní.

“Ìwọ mọ orúkọ ẹyẹ yẹn, àbí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, ìyá.”

“Má sọ ọ́. Mò ń lọ bi í.”

Orí ẹyẹ náà wà lọ́dọ̀ mi di òní. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa gbé e yẹ̀ wò, wọn á ní, “Màmá, ẹyẹ wo nìyí?” Mo máa ń ní n kò mọ̀. Ẹ̀rù ni ó ń bà mí. Mo máa ń rò pé tí mo bá fi lè sọ ọ́ jáde, ìyá àgbà kò ní rí nǹkan bi ọmọ wọn mọ́.